Ọ̀DỌ́ ONÍṢIRÒ OWÓ, NÍBO NI O FẸ́ TI BẸ̀RẸ̀?

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì pásítọ̀. Àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì tàbí ní Poli kì í gbẹ́yìn nínú wọn. “Pásítọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà. Ibi méjì ni wọ́n ti pè mí fún iṣẹ́. Èwo ni kí n gbà?” Bí a bá bi wọ́n pé kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi méjèèjì, iye owó oṣù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà mìíràn, òun nìkan ni wọ́n mọ̀.

Àdúrà ṣe pàtàkì, a kò sì ní dẹ́kun láti máa gbà á. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí ó ń gbọ́ àdúrà náà ni ó fún wa ní làákàyè láti bèèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí mọ̀ ni pé, nínú iṣẹ́ ìṣirò owó, ibi tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń kọ òtítọ́ tàbí bí a ti ń kọ irọ́. Ohun tí ọwọ́ bá kọ́ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ó máa ń ṣòro fún un láti gbàgbé.

IṢẸ́ TÍ BÍBÉLÌ MỌ̀ DÁADÁA

Àwọn onígbàgbọ́ kan máa ń rò pé iṣẹ́ owó kíkà kò bá ọ̀nà ẹ̀mí mu. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Nígbà tí Ẹ́sírà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé fàdákà àti wúrà ilé Ọlọ́run dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kà á, wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ (Ẹ́sírà 8:33-34). Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ kó ọrẹ àwọn ìjọ lọ fún àwọn aláìní, kò dá a gbé. Àwọn arákùnrin mìíràn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀ (2 Kọ́ríńtì 8:18-21). Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ìríjú tí ọ̀gá rẹ̀ pè pé kí ó wá ṣe ìṣirò (Lúùkù 16:1-2). Ẹ má sì gbàgbé pé Júdásì ni àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì mọ ohun tí ó ń fi ṣe (Jòhánù 12:6).

Nínú ìtàn ayé pẹ̀lú, ní ọdún 1494, ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò kan jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé ọ̀nà tí àwọn akáńtáǹtì ṣì ń lò títí di òní: pé gbogbo owó tí a bá kọ sí apá òsì ìwé gbọ́dọ̀ ní èkejì rẹ̀ ní apá ọ̀tún, kí ìhà méjèèjì baà lè dọ́gba. Òun kọ́ ni ó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà ti ń lò ó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba oníṣòwò nímọ̀ràn pé kí ó fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ ìwé owó rẹ̀.

Kí ni akáńtáǹtì ń tà gan-an? Káfíńtà ń ta àga, àgbẹ̀ ń ta iṣu. Akáńtáǹtì kò ní ọjà tí a lè fọwọ́ bà. Báǹkì tí ó fẹ́ yá ilé iṣẹ́ lówó, ẹni tí ó fẹ́ ra ìpín nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ owó-orí tí ó fẹ́ mọ iye tí yóò gbà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó. Ìwé ni wọ́n kà, ìbuwọ́lùwé tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ọjọ́ tí ìbuwọ́lùwé náà bá bàjẹ́, ọjà tán nínú ìsọ̀ nìyẹn.

ÀWỌN TÍ WỌ́N LÀ Á SÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ nílé. Olóyè Akíntọ́lá Williams, tí a bí ní 1919, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di akáńtáǹtì tí ó gba ìwé àṣẹ. Ní England ni ó ti yege ní 1949. Ó padà sílé ní 1950, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka owó-orí. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí iṣẹ́ ìjọba jẹ́ láyé òyìnbó amúnisìn fún ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kàwé. Síbẹ̀, ní 1952, ó fi í sílẹ̀, ó sì dá ilé iṣẹ́ ìṣàyẹ̀wò ìwé owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni ó gba iṣẹ́ náà kan nígbà náà. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn West African Pilot ti Dókítà Nnamdi Azikiwe wà lára wọn. Nígbà tí òfin dá àjọ àwọn akáńtáǹtì tí a mọ̀ sí ICAN sílẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 104 ni ó lò láyé kí ó tó sùn ní oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ gbọ́ tiyín. Olóyè Olutoyin Olakunri ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀, ní 1963. Ní 1994, òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ààrẹ ICAN. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti kùtà.

A kò sọ pé kí gbogbo ọmọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lọ dá ọ́fíìsì sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fà yọ ni pé ìmọ̀ ni ó ṣáájú, ipò àti orúkọ ni ó tẹ̀ lé e.

ẸNU Ọ̀NÀ MẸ́RIN

Fún ọmọ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa, ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀.

Èkínní ni ilé iṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀. Owó oṣù ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í pọ̀ níbẹ̀, pàápàá ní àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi fáúṣà wé rìsíìtì, kí ó fi ìwé owó ilé iṣẹ́ wé èyí tí báǹkì fi ránṣẹ́, kí ó kọ lẹ́tà sí àwọn onígbèsè láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n jẹ iye tí a kọ sí wọn lọ́rùn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ń parí ọdún ìṣirò wọn ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sábà máa ń rán àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lọ ka ọjà inú ilé ìkẹ́rù. Àwọn òbí kan ti fi ẹjọ́ sùn wá pé ọmọ àwọn kò sí ní ìsìn àṣemọ́jú ìparí ọdún. Ìdáhùn wa ni pé, bí ọmọ náà bá wà ní ilé ìkẹ́rù tí ó ń ka àpò sìmẹ́ńtì, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n ka àpò òfìfo mọ́ ọn, ẹ̀rí rere ni ó ń jẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yóò ti rí inú ilé ìwòsàn, ilé búrẹ́dì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ àwọn akọ́jàwọlé. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Èkejì ni ẹ̀ka ìṣirò owó nínú ilé iṣẹ́ kan. Òwò kan ṣoṣo ni ọmọ yóò mọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ ọ́n dé ìdí: iye tí ó ń náni láti ṣe ọjà, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó-orí tí a ń yọ lára rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí a yọ ó kéré tán 8 nínú 100 lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un. Láti 2020 sì ni owó-orí VAT tí a ń gbà lórí ọ̀pọ̀ ọjà ti di 7.5 nínú 100. Owó wọ̀nyí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́; a kàn gbé e dání fún oníǹkan ni. Ibí yìí gan-an ni ìdánwò ti máa ń dé, nígbà tí ọ̀gá bá ní kí a kọ́kọ́ fi ṣòwò ná.

Ẹ̀kẹta ni báǹkì. Ọ̀pọ̀ òbí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí aṣọ tí ó mọ́ àti táì. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ ṣe níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kan wà tí ènìyàn ti lè kọ́ ìṣirò owó àti ìṣàyẹ̀wò dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e sí ìdí wíwá oníbàárà kiri, kí wọ́n sì bu iye mílíọ̀nù tí ó gbọ́dọ̀ kó wá fún un. A ti gbọ́ ẹkún àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ń ti ọ́fíìsì olówó kan bọ́ sí òmíràn, tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sì ń bèèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó mú owó jáde. Ọmọ tí ó bá ara rẹ̀ nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ kò nílò ìbáwí. Ó nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ó lè kúrò, pé ilé yóò gbà á.

Ẹ má sì rò pé báǹkì jẹ́ àpáta. Ní 1998, báǹkì 26 ni ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2004, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí owó ìdókòwò báǹkì kọ̀ọ̀kan di bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báǹkì 89 sì di 25. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń bá yọ̀ ni ó padà sílé.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ ìjọba: ilé ìṣúra, ọ́fíìsì Ọ́dítọ̀ Àgbà, ẹ̀ka owó-orí. Ìgbéga a máa lọ́ra níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ akáńtáǹtì ibẹ̀ ni ó wà nínú àjọ kejì, ANAN, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, tí òfin sì fọwọ́ sí ní 1993. Owó tí ọmọ yóò máa ṣọ́ níbẹ̀ ni owó oògùn aláìsàn àti owó ọ̀nà abúlé. Bí ó bá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tí a kò ṣe, ẹni tí ó jà lólè kò ní agbẹjọ́rò láyé, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀kan lọ́run.

Ta ni kí a wá tẹ̀ lé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? A kò lè yàn fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó gbà, kí ó bèèrè mẹ́ta: Ta ni yóò kọ́ mi níbẹ̀, ṣé òun fúnra rẹ̀ sì mọ iṣẹ́? Ṣé wọn yóò fún mi láyè láti kàwé kí n sì ṣe ìdánwò? Kí ni àwọn tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀ ń sọ nípa wọn? Lẹ́yìn náà ni kí ó bèèrè owó oṣù. A mọ̀ pé ẹni tí ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ kò lè fojú fo owó dá, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Bí owó ibì kan kò bá lè gbé ọ lọ kí ó sì gbé ọ bọ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ní pẹ́ di ebi. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti aṣọ àti fóònù nìkan, gba ibi tí wọn yóò ti kọ́ ọ.

ÌDÁNWÒ KÌ Í ṢE IṢẸ́ AYÉ

Ìdánwò àjọ àwọn akáńtáǹtì máa ń le, ìpele-ìpele ni wọ́n sì ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ni ó ń ṣe apá kan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó yege. Àwọn kan a wá bá wa pé kí a bá wọn ṣe ìtúsílẹ̀, pé ayé ni ó ń fà wọ́n sẹ́yìn. A máa ń bá wọn gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni a óò bèèrè pé wákàtí mélòó ni o ń kàwé lọ́sẹ̀? Ẹni tí ó ń jí ní aago mẹ́rin, tí ó ń lo wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó, tí ó ń padà wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò nílò kí a wá àjẹ́ kankan. Ó nílò yàrá tí ó súnmọ́ ibi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ tí wọn yóò jọ máa kàwé, àti kí ìjọ dín ìpàdé rẹ̀ kù fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka akọrin àti olùtọ́jú èrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wọn sílẹ̀ nígbà ìdánwò. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó sì tètè ṣe é nígbà tí ẹrù rẹ̀ ṣì fúyẹ́ ni yóò sinmi.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ NÍ KÍ O KỌ IRỌ́

Yóò dé. Ó lè jẹ́ fáúṣà ọjà tí kò wọlé. Ó lè jẹ́ ìwé owó méjì, ọ̀kan fún owó-orí, èkejì fún báǹkì. Ẹni tí yóò sọ ọ́ lè jẹ́ ọ̀gá tí ó fẹ́ràn rẹ, tí ó sì ń pè ọ́ ní ọmọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a mọ̀ bá irú rẹ̀ pàdé ní ọdún kejì tí ó wọ ilé iṣẹ́ kan. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ àṣẹ náà sílẹ̀ fún òun. Wọn kò kọ ọ́, òun náà kò sì fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ tí ó fi di ẹni tí ó ń wá iṣẹ́. Oṣù méje ni ó fi wà nílé, ìyá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí ó padà rí, owó rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. A kò ní parọ́ fún yín pé ọkọ̀ tuntun ni Ọlọ́run fi dá a lóhùn. Ohun tí ó ní ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá tú ìwé ilé iṣẹ́ náà lọ́la, kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ohun tí wọn yóò rí.

Ẹ rántí ilé iṣẹ́ Enron ní Amẹ́ríkà tí ó wó ní oṣù Kejìlá, 2001, nígbà tí àṣírí gbèsè tí wọ́n fi pamọ́ kúrò nínú ìwé owó rẹ̀ tú. Arthur Andersen ni ọ́dítọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1913, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 85,000 káàkiri ayé. Àwọn kan nínú wọn fa ọ̀pọ̀ ìwé tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà ya. Ní 2002, ilé ẹjọ́ dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi. Ní 2005, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ yí ìdájọ́ náà padà, ṣùgbọ́n oníbàárà ti lọ, òṣìṣẹ́ ti fọ́n ká. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú 85,000 náà kò fojú kan ìwé Enron rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn tí kò parọ́ pàápàá sì máa ń wà lójú ọ̀nà nígbà tí ó bá dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣe ohun mẹ́rin yìí. Láti owó oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa fi díẹ̀ pamọ́ títí yóò fi tó ohun tí ẹ lè fi jẹun fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò ní ohunkóhun nípamọ́ kì í lè sọ pé rárá. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Bí àṣẹ kan bá rú yín lójú, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àṣẹ burúkú ni ó máa ń kú nígbà tí ó bá kan kíkọ. Kí ẹ sì ní àgbà kan nínú iṣẹ́ náà, tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì yín, tí ẹ lè sáré tọ̀ lọ. Dáníẹ́lì ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọba tí kò mọ Ọlọ́run, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì tú iṣẹ́ rẹ̀ wò láìrí àbùkù (Dáníẹ́lì 6:4). Kì í ṣe àdúrà rẹ̀ nìkan ni ó mọ́; ìwé rẹ̀ náà mọ́.

Ẹ̀YIN ÒBÍ ÀTI ÌJỌ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi owó oṣù ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe ètò òrùlé ilé yín. Ẹ má ṣe sọ fún un pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra ọkọ̀. Ẹ kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Nígbà tí ó bá wọlé ní alẹ́ tí ojú rẹ̀ kò dùn, ẹ bi í pé, “Kí ni wọ́n ní kí o ṣe lónìí?” Ìbéèrè náà lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ìjọ náà ní tirẹ̀. Bí a bá fi ọ̀dọ́ akáńtáǹtì ṣe olùtọ́jú owó ìjọ, kí a jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta jọ ka ọrẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kúrò lórí tábìlì, kí pásítọ̀ pẹ̀lú sì mú rìsíìtì wá. Ọmọ tí ó bá rí i nínú ilé Ọlọ́run pé òtítọ́ ṣeé kọ sínú ìwé owó yóò ní ìgboyà láti kọ ọ́ níta.

Àdúrà wa ni pé kí Olúwa ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún gbogbo ọmọ wa tí ó ń wá a, kí ó sì fún wọn ní ọgbọ́n láti mọ èyí tí wọn yóò wọ̀. Kí ó pa ọwọ́ wọn mọ́, títí ọjọ́ tí Ọ̀gá wa yóò pe olúkúlùkù wa láti wá ṣe ìṣirò. Àmín.